Àyè mẹ́rin, ẹgbẹ́ 20: Ta ló yẹ kó lọ ṣojú Nàìjíríà, owó ta ni wọ́n sì fi ń lọ?

Bí sáà bọ́ọ̀lù bá ti ń lọ sópin, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ ìlú Ìjàgbò àti ti Ọ̀fà tó múlé gbè é. Yálà níwájú ibi tí wọ́n ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù ni wọ́n wà ni o, tàbí níbi tí àwọn ọlọ́kadà ti ń dúró de èrò, ohun kan náà ni wọ́n máa ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́: ẹgbẹ́ wo gan-an ló lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ ṣojú Nàìjíríà nínú ìdíje àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà? Àwọn kan á ní ipò tí ẹgbẹ́ bá wà nínú líìgì nìkan ló yẹ kí wọ́n wò. Àwọn mìíràn á ní ẹni tó bá gba ife-ẹ̀yẹ kò gbọdọ̀ jókòó sílé. Àwọn olólùfẹ́ Kwara United ní ìdí pàtàkì láti dá sí ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ẹgbẹ́ wọn lọ ní 2022, ó tún lọ ní 2025, kò sì gba líìgì ní èyíkéyìí nínú ọdún méjèèjì.

Lójú ẹni tí kò ka bọ́ọ̀lù sí, ó lè jọ pé ariwo àwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe ni. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Owó ńlá ló rọ̀ mọ́ ìbéèrè yìí, àwọn tó sì ń san apá kan nínú owó náà wà ní Ìjàgbò, yálà wọ́n mọ̀ tàbí wọn kò mọ̀.

KÍ NI WỌ́N Ń DÙ?

Ìdíje méjì ni CAF, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù nílẹ̀ Áfíríkà, máa ń ṣe fún àwọn ẹgbẹ́ lọ́dọọdún. Champions League ni àgbà, Confederation Cup ló tẹ̀ lé e. Orílẹ̀-èdè 12 tí àwọn ẹgbẹ́ wọn bá ń ṣe dáadáa jù lọ ni CAF máa ń fún ní àyè méjì méjì nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni àwọn tó kù ń gbà. Nàìjíríà wà lára àwọn tó ń gba méjì méjì, ìdí nìyẹn tí àyè rẹ̀ fi jẹ́ mẹ́rin. Ní 2025, Remo Stars àti Rivers United ló lọ sí Champions League, Abia Warriors àti Kwara United sì lọ sí Confederation Cup. Ẹgbẹ́ 20 ló wà nínú NPFL tó jẹ́ líìgì àgbà nílẹ̀ wa. Bí mẹ́rin bá ti lọ, àwọn yòókù ti di olùwòran nìyẹn.

Ní 2023, CAF fi owó kún owó. Ẹgbẹ́ tó bá gba Champions League yóò gba mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là, ẹni tó bá sì gba Confederation Cup yóò gba mílíọ̀nù méjì. Kò tiẹ̀ di dandan kí ẹgbẹ́ gba ife náà kó tó rí nǹkan. Ẹni tó bá ti wọ ìpele tí wọ́n ti ń pín ẹgbẹ́ 16 sí ìsọ̀rí mẹ́rin nínú Confederation Cup, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti padà sílé, $400,000 ni tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ti Champions League, $700,000 ni. Bí a bá ṣírò dọ́là kan sí ₦1,500, $400,000 di ₦600 mílíọ̀nù. Ẹ fi èyí wé ₦200 mílíọ̀nù tí Remo Stars gbà nígbà tó gba líìgì ní 2025 lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38. Èyí fi hàn pé ẹgbẹ́ tó bá dé ìpele yìí ní Áfíríkà, láìgba ife kankan, lè rí ìlọ́po mẹ́ta owó tí wọ́n ń fún ẹni tó borí gbogbo Nàìjíríà.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà ibẹ̀ kò tẹ́jú. Kí ẹgbẹ́ tó dé ìpele yẹn, ó ní láti la àwọn eré àkọ́kọ́ já, inú eré àkọ́kọ́ yìí sì ni owó ti ń jáde jù. Owó ọkọ̀ òfuurufú fún agbábọ́ọ̀lù àti àwọn olùkọ́ wọn wà níbẹ̀, owó ilé ìtura wà níbẹ̀. Bí CAF kò bá fọwọ́ sí pápá tó wà nílé, ẹgbẹ́ ní láti gba pápá sí ìlú mìíràn, kó sì máa kó ara rẹ̀ lọ síbẹ̀ bí àlejò. Títí di 2023, kò sí kọ́bọ̀ tí CAF ń fún ẹgbẹ́ tó bá já ní ìpele àkọ́kọ́. Ọdún náà ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí wọ́n máa fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní $50,000 fún ìrìn-àjò, wọ́n sì sọ ọ́ di $100,000 ní 2025. Owó gidi ni, àmọ́ ẹni tó bá ti kó èrò bíi 30 rìn káàkiri Áfíríkà rí mọ̀ pé kì í pẹ́ tán.

OWÓ TA NI?

Ìbéèrè tó kan ará Ìjàgbò rèé. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Kwara ló ni Kwara United. Púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ líìgì ilẹ̀ wa ló rí bẹ́ẹ̀, àwọn bíi Remo Stars tó jẹ́ ti aládàáni kò pọ̀. Inú àpò kan náà tí owó ọ̀nà, owó oṣù olùkọ́ àti owó omi ẹ̀rọ ti ń jáde ni owó oṣù agbábọ́ọ̀lù àti owó ìrìn-àjò wọn ti ń jáde. Ìlú Ìjàgbò wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yún, ìrìn-àjò sì ni láti ibẹ̀ dé pápá ìṣeré Ìlọrin. Síbẹ̀, ìyá tó ń ta gààrí lọ́jà Ìjàgbò, tí kò wọ pápá ìṣeré rí láyé rẹ̀, ní ìpín nínú Kwara United.

Nítorí náà, bí wọ́n bá yan ẹgbẹ́ náà láti lọ, tó sì rìn jìnnà, owó dọ́là ń wọlé tí yóò dín ẹrù ìjọba kù. Bó bá já ní ìpele àkọ́kọ́, àfikún ìnáwó ni. Bí wọ́n bá sì fi í sílẹ̀ láìyẹ, àǹfààní tó yẹ kó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ yìí ni wọ́n gbé fún ìpínlẹ̀ mìíràn. Ìdí nìyẹn tí bí wọ́n ṣe ń yan ẹgbẹ́ fi yẹ kó yé gbogbo ènìyàn.

Ọ̀NÀ MÉJÌ TÓ DÉ ÁFÍRÍKÀ

Nígbà tí nǹkan bá ń lọ bó ṣe yẹ, kò sí wàhálà. Ẹgbẹ́ tó ṣe ipò kìn-ín-ní àti èkejì nínú líìgì ń lọ sí Champions League. Ẹni kẹta nínú líìgì àti ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ tí wọ́n ń pè ní Federation Cup, ń lọ sí Confederation Cup.

Ọ̀nà ife yìí ni Kwara United gbà ní 2025. Ó fi pẹnáritì borí Abakaliki FC nínú àṣekágbá tí wọ́n gbá ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún náà. Nígbà tó dé Áfíríkà, Asante Kotoko ti Gánà ló dá a padà ní ìpele àkọ́kọ́. Ìgbà náà ni àwọn alátakò rí ẹnu sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ díẹ̀ ni ife, ẹni tí orí bá bá ṣe é lè gbà á, ṣùgbọ́n líìgì eléré 38 kì í purọ́. Àwọn tó ń gbèjà ife náà ní èsì tiwọn. Wọ́n ní òfin ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù, pé ẹni tó bá gba ife yóò lọ, gbogbo ẹgbẹ́ ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó wọ inú ìdíje náà. Ẹni tó bá fẹ́ àyè yẹn ì bá ti jáde wá dù ú.

Èsì kejì yìí lágbára, nítorí ìgbà tí òfin kò bá wà nílẹ̀ ṣáájú ni ìjà gidi máa ń bẹ̀rẹ̀. Láti 2018 wá, Nàìjíríà ti kó sínú irú wàhálà yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

NÍGBÀ TÍ SÁÀ BÁ FỌ́ LÁÀÁRÍN

Ní 2018, wọ́n dá líìgì dúró nígbà tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti gbá bíi eré 24. Ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ni wọ́n kọ́kọ́ torí rẹ̀ sinmi, ìjà ta ni olórí àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, ìyẹn NFF, kò sì jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ mọ́. Lobi Stars ti Màkúdì ló wà lókè tábìlì lọ́jọ́ tí nǹkan dúró, òun ni wọ́n sì mú lọ sí Champions League. Ẹgbẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè béèrè pé eré 14 tó kù ńkọ́? Kò sí ẹni tó lè dá a lóhùn.

Ní 2019, àyè kò gba líìgì gígùn, wọ́n wá pín ẹgbẹ́ 24 sí ọ̀nà méjì, 12 níhìn-ín, 12 lọ́hùn-ún. Ẹgbẹ́ mẹ́ta mẹ́ta tó ṣe dáadáa jù lápá kọ̀ọ̀kan pàdé ní pápá Agége ní Èkó fún ìdíje ẹlẹ́gbẹ́ mẹ́fà tí wọ́n pè ní Super Six. Enyimba ló borí, Kano Pillars ló ṣe ìkejì. Wọ́n tún ṣe irú rẹ̀ ní 2023 ní pápá Onikan. Lọ́tẹ̀ yìí, Enyimba àti Remo Stars parí pẹ̀lú máàkì mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, iye góòlù ni wọ́n fi yà wọ́n sọ́tọ̀, Enyimba ló sì gbé líìgì lọ. Ẹni tó bá fẹ́ràn Super Six yóò ní orí pápá ni wọ́n ti parí ẹjọ́, kì í ṣe nínú ọ́fíìsì. Ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ yóò ní ẹgbẹ́ lè ṣe dáadáa fún oṣù mẹ́fà, kí eré ọ̀sẹ̀ kan wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Èyí tó le jù ni ti 2020. Ní oṣù kẹta ọdún náà, àrùn Kòrónà dá líìgì dúró. Plateau United ló wà lókè pẹ̀lú máàkì 49 nínú eré 25. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹgbẹ́ kọ́ ló ti gbá eré 25. Enyimba ti wà lẹ́nu ìdíje CAF, èyí sì jẹ́ kí eré tirẹ̀ nílé máa falẹ̀. Báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ fi ẹni tó gbá eré púpọ̀ wé ẹni tó gbá díẹ̀?

Ìṣirò tí àwọn tó ń darí líìgì lò ni pé kí wọ́n fi iye eré tí ẹgbẹ́ kan ti gbá pín iye máàkì tó ti ní. Ti Plateau United, 49 tí a fi 25 pín, jẹ́ 1.96. Ó túmọ̀ sí pé nínú eré kọ̀ọ̀kan, máàkì tó ń kó sún mọ́ méjì. Ó dà bí ìgbà tí àwọn oníṣòwò méjì kò ná ọjà iye ọjọ́ kan náà, tí wọ́n wá ní kí wọ́n wo èrè tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń jẹ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó kù sí. Ká ní ẹgbẹ́ kan ti gbá eré 25 tó sì ní máàkì 45, èkejì gbá eré 20 tó sì ní 36. Bí a bá pín in, 1.80 ni ẹgbẹ́ méjèèjì. Lórí tábìlì tí gbogbo ènìyàn ti ń wò tẹ́lẹ̀, ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ fi máàkì mẹ́sàn-án ju èkejì lọ. Lójú ìṣirò tuntun, ọgbọọgba ni wọ́n. Ẹni tó ní 45 yóò ní máàkì òun wà lọ́wọ́, ti ẹnì kejì ṣì wà lójú ọ̀run. Ẹni tó ní 36 yóò ní òun kò jókòó sílé, orílẹ̀-èdè ni òun ń ṣiṣẹ́ fún ní Áfíríkà, kí wọ́n má sì fi iṣẹ́ náà jẹ òun níyà. Àwọn méjèèjì ló ní àre.

Níkẹyìn, wọn kò pe ẹnikẹ́ni ní ẹni tó gba líìgì lọ́dún náà, wọn kò sì já ẹgbẹ́ kankan sísàlẹ̀. Plateau United àti Enyimba ni wọ́n ní kó lọ sí Champions League, Rivers United sì lọ sí Confederation Cup.

ÀYÈ KAN, ÌDÁHÙN MÉJÌ

Ó ku àyè kẹrin, èyí tó jẹ́ ti ẹni tó bá gba ife. Wọn kò rí ife gbá parí ní 2020. Wọ́n wá gbé àyè náà fún Kano Pillars, nítorí pé òun ló gba ife náà kẹ́yìn, ní 2019.

Nígbà tó di 2022, wọn kò tún gbá ife. Rivers United ló gba líìgì lọ́dún náà, Plateau United ṣe ìkejì, Remo Stars ṣe ìkẹta, Kwara United ṣe ìkẹrin. Bí wọ́n bá tẹ̀ lé ohun tí wọ́n ṣe ní 2020, Bayelsa United tó gba ife ní 2021 ni àyè náà ì bá tọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe ipò kẹrin nínú líìgì ni wọ́n mú. Báyìí ni Kwara United ṣe rí ọ̀nà lọ. Ó lé AS Douanes ti orílẹ̀-èdè Niger jáde, kó tó pàdé RS Berkane ti Mòrókò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife ìdíje náà, ibẹ̀ ló sì ti já.

Kò sí ará Kwara tí yóò bínú sí ohun tí wọ́n ṣe ní 2022. Ó tiẹ̀ ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló bọ́gbọ́n mu jù nínú méjèèjì, nítorí iṣẹ́ ọdún yẹn ni wọ́n fi san èrè ọdún yẹn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ìṣòro kan náà ló ṣẹlẹ̀ ní 2020 àti 2022, ìdáhùn tí wọ́n fún un sì yàtọ̀ síra. Ohun tó ṣe Kwara lóore lónìí lè yí padà ṣe é níbi lọ́la. Bí alákòóso ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun ra agbábọ́ọ̀lù tuntun láti dù ipò kẹrin, kò sí ibi tí yóò wò kó rí i pé ipò kẹrin tó ohun tí èèyàn ń náwó lé lórí.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ AMẸ́RÍKÀ

Àwọn tó lówó ju Nàìjíríà lọ náà kò tíì yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Ní Amẹ́ríkà, bọ́ọ̀lù àwọn yunifásítì, ìyẹn bọ́ọ̀lù tiwọn tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbá mọ́ra sáré, ti di òwò ńlá. Àwọn ọmọ Yorùbá wà níbẹ̀. Olusegun Oluwatimi wà lára ẹgbẹ́ Yunifásítì Michigan tó wà lára ẹgbẹ́ mẹ́rin tí wọ́n mú láti díje fún ife wọn ní 2022, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Outland àti ti Rimington lọ́dún náà. Olumuyiwa Fashanu gbá bọ́ọ̀lù fún Penn State kí wọ́n tó rà á sínú líìgì àwọn àgbà ní 2024.

Yunifásítì tó wà nínú ìpele òkè bọ́ọ̀lù yìí lé ní 130, eré bíi 12 péré sì ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá kí wọ́n tó yan àwọn tí yóò díje fún ife. Wọn kò lè bá ara wọn pàdé tán. Nítorí bẹ́ẹ̀, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 13 ló máa ń jókòó láti tò wọ́n. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ni wọ́n ń mú láti 2014, ó sì di 12 láti 2024. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ESPN ti fọwọ́ sí ìwé láti san bílíọ̀nù 7.8 dọ́là fún ọdún mẹ́fà kó lè máa fi ìdíje náà hàn. Ẹgbẹ́ tí wọ́n bá ti mú, mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là ti wọlé. Bó bá dé àṣekágbá, gbogbo rẹ̀ yóò di 20 mílíọ̀nù.

Ní oṣù kejìlá 2023, Florida State gbá eré 13, ó borí nínú 13, ó sì gba líìgì rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà fi í sílẹ̀, ó mú Alabama tó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé agbábọ́ọ̀lù tó ń darí eré fún Florida State, Jordan Travis, ti fi ẹsẹ̀ ṣèṣe, ẹgbẹ́ náà kò sì rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó wà nínú òfin wọn lóòótọ́ pé kí wọ́n máa wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, kí oṣù náà tó parí, Florida State ti gbé líìgì tó wà nínú rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ owó àti bí yóò ṣe kúrò nínú rẹ̀. Oṣù kẹta 2025 ni wọ́n tó yanjú rẹ̀.

Ní oṣù kejìlá 2025, ó kan Notre Dame. Òun àti Miami jọ borí nínú eré mẹ́wàá, wọ́n jọ pàdánù méjì. Gbogbo ìgbà tí ìgbìmọ̀ ti ń to orúkọ síta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, Notre Dame ló ń wà níwájú. Lọ́jọ́ tí wọ́n yan àwọn ẹgbẹ́ náà gan-an, wọ́n gbé Miami síwájú rẹ̀, wọ́n ní Miami ti borí rẹ̀ nígbà tí wọ́n pàdé ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Òótọ́ ni, àmọ́ láti oṣù kẹjọ ni eré yẹn ti wáyé. Inú bí Notre Dame débi pé ó kọ̀ láti gbá eré ìparí sáà mìíràn tó ṣẹ́ kù. Miami ní tirẹ̀ bá a lọ dé àṣekágbá, níbi tí Indiana ti borí rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 2026.

ẸNI TÓ ṢIṢẸ́ TÀBÍ ẸNI TÓ LÁGBÁRA?

Bí a bá yọ ariwo kúrò, ìbéèrè méjì ló wà nídìí gbogbo rẹ̀, Amẹ́ríkà ni o, Nàìjíríà ni o. Ṣé èrè iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ ti ṣe ni àyè yìí, àbí ẹni tó lè ṣe dáadáa jù níwájú ni kí wọ́n fún? Florida State ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Alabama ni ìgbìmọ̀ rò pé ó lágbára jù.

Ní Nàìjíríà, ìbéèrè kejì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ, nítorí àyè mẹ́rin tí a ní kì í ṣe ogún bàbá ẹnikẹ́ni. Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ti ṣe láàárín ọdún márùn-ún ni CAF fi ń tò wọ́n. Ẹni tó gba Champions League ń mú máàkì mẹ́fà wá fún orílẹ̀-èdè rẹ̀, ẹni tó gba Confederation Cup ń mú márùn-ún. Wọ́n á wá fi márùn-ún sọ máàkì ọdún tó súnmọ́ jù di púpọ̀, wọ́n á fi mẹ́rin sọ ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀ di púpọ̀, títí yóò fi kan èyí tó jìnnà jù tó jẹ́ ẹyọ kan. Ẹgbẹ́ tó bá já kó tó dé ìpele ìsọ̀rí kò mú nǹkan kan wálé. Bí àwọn tí a ń rán lọ bá ń já ṣáá, Nàìjíríà lè bọ́ nínú àwọn 12, àyè mẹ́rin yóò sì di méjì. Lọ́jọ́ náà, kò ní sí ipò kẹta tàbí ìkẹrin tí Kwara United yóò tún máa dù.

Èyí ló ń mú kí àwọn kan sọ pé kí NFF máa yan ẹgbẹ́ tó ti mọ ọ̀nà Áfíríkà. Ẹ wo àwọn tó lọ lẹ́yìn sáà 2020. Simba ti Tàǹsáníà lé Plateau United tó wà lókè tábìlì jáde ní ìpele àkọ́kọ́. Jaraaf ti Sẹ̀nẹ̀gà lé Kano Pillars jáde. Enyimba, tó bọ́ láti Champions League sínú Confederation Cup, pàdé Rivers United ní oṣù kejì 2021. Ẹgbẹ́ méjì tí wọ́n ti ń fi kálukúlétọ̀ wọn lórí tábìlì wá bá ara wọn lórí pápá. Lẹ́yìn eré méjèèjì, ọ̀mì ni, pẹnáritì ló tó mú Enyimba kọjá. Òun nìkan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló mú máàkì wálé lọ́dún náà, ó dé ìpele ẹlẹ́gbẹ́ mẹ́jọ.

Ẹnìkan lè fi èyí jẹ́rìí pé Enyimba ló yẹ. Ṣùgbọ́n pẹnáritì kan péré ló wà láàárín òun àti Rivers United, ta ló sì lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ ẹni tí yóò gbá a wọlé? Ní 2018, Lobi Stars tí orúkọ rẹ̀ kò tó ti Enyimba dé ìpele ìsọ̀rí Champions League. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó lórúkọ ni wọ́n ń mú, kò ní rí àyè débẹ̀ láéláé, ẹgbẹ́ tuntun bíi Remo Stars kò sì ní rídìí náwó láti dàgbà. Òwò tí wọ́n ti mọ ẹni tí yóò jèrè kí ọjà tó ṣí, kò sí ẹni tí yóò mú owó rẹ̀ wá síbẹ̀.

OHUN TÓ LÈ DÍN ÌJÀ KÙ

Ìjà kò lè tán pátápátá, Amẹ́ríkà ti fi hàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta wà tí yóò dáàbò bo owó àwọn tó ni ẹgbẹ́.

Àkọ́kọ́ ni pé kí òfin wà nílẹ̀ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Bí líìgì bá dúró láàárín, iye eré mélòó ló gbọ́dọ̀ ti wáyé kí wọ́n tó lè lo tábìlì? Bí wọn kò bá gbá ife, ta ni àyè kẹrin jẹ́ tirẹ̀? Bí ẹgbẹ́ méjì bá dọ́gba lẹ́yìn ìṣirò, kí ni wọ́n fi ń yà wọ́n? Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan kò ju ìlà méjì lọ nínú ìwé. Níbi tí òfin kò bá sí, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Èkejì ni pé kí òfin náà jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni lè fi ìka kà. Amẹ́ríkà kọ tiwọn sílẹ̀, àmọ́ wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀ láti wò ó lójú, ibẹ̀ ni Florida State ti kọsẹ̀. Ọmọ iléèwé Ìjàgbò tó mọ pínpín yẹ kó lè jókòó ti tábìlì líìgì, kó sì sọ ẹni tí yóò lọ kí NFF tó kéde.

Ẹ̀kẹta jẹ́ ọ̀rọ̀ owó gan-an. Ní Amẹ́ríkà, líìgì ni wọ́n ń san mílíọ̀nù mẹ́rin yẹn fún nítorí ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n mú, líìgì ló sì mọ bí yóò ṣe pín in gẹ́gẹ́ bí àdéhùn wọn. Èyí jẹ́ kí àwọn tí kò lọ máa rí nǹkan nínú rẹ̀. Nàìjíríà lè ronú sí i pé bí ẹgbẹ́ kan bá mú $400,000 wálé, kí ìdá díẹ̀ nínú rẹ̀ bọ́ sínú àpò kan tí wọn yóò máa fi ran ẹgbẹ́ tí wọ́n bá rán lọ́dún tó tẹ̀ lé e lọ́wọ́. Bí èyí bá wà, àyè kan kò ní jẹ́ ọ̀rọ̀ ikú tàbí ìyè mọ́, ìnáwó ìrìn-àjò kò sì ní já lé ìjọba ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo lórí.

Kò dìgbà tí ará Ìjàgbò bá mọ bọ́ọ̀lù gbá kó tó lè béèrè nǹkan lọ́wọ́ aṣojú rẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìlọrin. Kó béèrè iye tí ìrìn-àjò 2022 àti ti 2025 ná ìpínlẹ̀, àti iye tó padà wálé. Kó tún béèrè ohun tí Kwara United sọ nípàdé àwọn ẹgbẹ́ líìgì nígbà tí wọ́n ń ṣe òfin sáà tó ń bọ̀. Bí sáà bá ti fọ́ láàárín tán kí wọ́n tó rántí ìbéèrè yìí, ẹnu àwọn tó ní agbára jù ni yóò dá a lóhùn.